Báàgì tí kò jò ni wọ́n pààrọ̀: tírélà Alhaja ní Tafa

Alhaja pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Jánúárì, bí wọ́n ṣe kírun tán. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n. Àgbàdo ni òwò wọn: wọ́n ń rà á ní Saminaka àti Giwa, wọ́n ń kó o lọ sí Ìbàdàn fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ. Wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá mi wo mọ́tò yìí kí n tó jẹ́ kí wọ́n gé e."

Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n ní orí tírélà àwọn, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ló ń wólẹ̀ lóru. Tí dírẹ́bà bá páàkì rẹ̀ lálẹ́ sí Tafa, lójú ọ̀nà Àbújá sí Kaduna, á dúró dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti jókòó pátápátá, ṣáásì, irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Tí wọ́n bá ṣáná sí i láàárọ̀, á tún dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Báàgì, ìyẹn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń wú, ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dípò sípíríǹgì. Wọ́n ti pààrọ̀ méjèèjì tó wà lápá òsì, owó gidi ni wọ́n fi rà á, síbẹ̀ ọkọ̀ ò yéé sọ̀. Ẹni tó bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ wá ní àfi kí wọ́n yọ gbogbo báàgì dànù, kí wọ́n wẹ́dì irin mọ́ ṣáásì, kí wọ́n gbé sípíríǹgì sí i bíi ti ọkọ̀ tó kù.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fi iná kan ọkọ̀ yẹn títí màá fi dé.

Zuba, nítòsí Àbújá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ńlá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀rọ̀ gígé báàgì yìí sì ti ń dùn mí tipẹ́. Ó ti di àṣà lọ́dọ̀ wa: báàgì jò, a ò rí ibi tó ti ń jò, a gé e. Bẹ́ẹ̀ irin ṣáásì ọ̀pọ̀ orí tírélà Amẹ́ríkà, iná ni wọ́n fi yan án nílé iṣẹ́ kó lè le. Ibi tí wẹ́dà bá fi iná bà, líle yẹn á kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti la nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe é pé kí ẹrù máa tẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ sípíríǹgì máa ń bọ́ sí. Mo ti rí ṣáásì tó là lójú irú wẹ́dì bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ẹrù tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n lórí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jókòó sí Zuba kí n máa fi fóònù gba Alhaja nímọ̀ràn.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú ọkọ̀ náà nìyí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ ẹ. Ó ń gba inú dráyà kọjá, dráyà á gba omi inú rẹ̀, á wá wọ táǹkì. Táǹkì bíréèkì pín sí méjì tí wọn kì í dà pọ̀, ìdí rèé tí géèjì iwájú dírẹ́bà fi ní ọwọ́ méjì. Tí méjèèjì bá dé nǹkan bíi 120 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sinmi. Ara ọ̀kan nínú táǹkì méjèèjì yìí ni báàgì ti ń mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò fẹ́ kí báàgì tó bá bẹ́ lójijì gbé afẹ́fẹ́ bíréèkì lọ, wọ́n wá fi fáàfù kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí táǹkì bá ti sọ̀ dé bíi 60 sí 70 psi, fáàfù yẹn á ti ilẹ̀kùn. Ìyókù di ti bíréèkì.

Ẹ̀yìn fáàfù aṣọ́nà yìí ni èyí tí àwa ń pè ní lẹ́fẹ́lì fáàfù wà. Ara ṣáásì ni wọ́n dè é mọ́. Ó ní apá kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so apá yẹn mọ́ axle, irin ìdábùú tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá sọ̀, apá á yí sókè, á ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ wọ báàgì. Bí ẹ̀yìn bá ga jù, apá á yí sísàlẹ̀, á tú díẹ̀ dà síta. Kò bèèrè kọ́kọ́rọ́, kò bèèrè bátìrì. Kódà bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí dírẹ́bà sì ń sùn, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Báàgì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ Alhaja, méjì fún axle kọ̀ọ̀kan, lẹ́fẹ́lì fáàfù kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká ní méjì ló ní ni, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, apá tó ń jò nìkan ni ìbá máa sọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà mu, bí ọ̀kan bá ń jò, àwọn yòókù á máa ṣàn tọ̀ ọ́ lọ títí gbogbo wọn á fi rọ. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fojú mú èyí tó ń ṣàìsàn.

Mo dé Tafa láàárọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ ṣì jókòó bí wọ́n ṣe bá a, orí nìkan, wọ́n ti fi bódì sílẹ̀. Lóòótọ́ ló fì sí òsì, ìyẹn ló mú kí wọ́n fi ẹ̀sùn kan báàgì òsì. Mo gba ike omi tí wọ́n ti mu dé ìdajì lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀, mo dá a dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ láàárín táyà méjèèjì. Omi inú rẹ̀ ṣàn gbogbo lọ sí apá òsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló dà sójú gọ́tà. Ibẹ̀ sì ni dírẹ́bà máa ń páàkì lójoojúmọ́, torí ó sún mọ́ ibi tó ń sùn.

Dírẹ́bà náà, ọmọ Funtua, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Yorùbá tirẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀", Hausa la fi sọ̀rọ̀. Ó mi orí, ó ní, "Iska ne." Hausa ń pe afẹ́fẹ́ ní iska, wọ́n sì ń pe ànjọ̀nú bẹ́ẹ̀ náà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò dá a lójú mọ́ èwo nínú méjèèjì ló ń bá òun jà. Ó ní tí òun bá páàkì, ọkọ̀ kì í sọ̀ rárá títí òun á fi sùn. Ó di ìgbà tí òru bá jìn, tí ọyẹ́ bá mú. Mo bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí oṣù kọkànlá. Mo ní kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ nígbà yẹn. Ó ní wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ti dì mọ́ ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí. Ó ti sọ fún Alhaja pé otútù ló ń sún báàgì kì, pé báàgì kò bá ilẹ̀ Hausa mu. Mo ṣírò rẹ̀ fún dírẹ́bà lórí páálí. Otútù máa ń mú afẹ́fẹ́ kéré sí i lóòótọ́. Ká sọ pé ọ̀sán mú dé 38°C, tí ìdájí wá bọ́ sí 18°C. Tí a bá kà á láti ibi tí ooru ti tán pátápátá, bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe ń kà á, 311 ló sọ̀ dé 291. Ìyẹn jẹ́ bíi 6 nínú 100. Báàgì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 kò ní tipasẹ̀ ìyẹn sọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ tàbí méjì lọ, lẹ́fẹ́lì fáàfù náà kò sì ní fọwọ́ lẹ́rán máa wò ó. Ọyẹ́ kò lè mú orí tírélà jókòó sílẹ̀.

Kí n tó yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi há táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí ó sì ti gígé igi líle sáàárín ṣáásì àti axle lọ́tùn-ún lósì. Mi ò fi èyí ṣeré. Báàgì tó wú ló gbé irin yẹn sókè. Bí páìpù bá já tàbí tí ẹnì kan bá ṣèèṣì kan apá fáàfù, ṣáásì á sọ̀ kalẹ̀ kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa pàdánù ìka méjì síbẹ̀. Látìgbà náà, kò sí ẹni tó ń na ọwọ́ sáàárín ṣáásì àti táyà ní ṣọ́ọ̀bù mi láì kọ́kọ́ ti igi.

A ṣáná, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún, a paná. Mo po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi kó ki díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé máa kùn ún sí gbogbo ẹnu páìpù. Kò pẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ mi fi pariwo, "Ọ̀gá, a ti rí i!" Lóòótọ́, ẹnu páìpù báàgì òsì iwájú ń hó. Mo yọ páìpù náà. Wọ́n fi púláyà gé e nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ báàgì, ẹnu rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ bí ẹnu gègé, ó sì ti pẹlẹbẹ, kò lè di rọ́bà inú ibẹ̀ mú yí ká. Irú páìpù náílọ́ọ̀nù yìí, abẹ tó mú ni wọ́n fi ń gé e, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú rẹ́gí, kí wọ́n sì tì í wọlé títí tí kò ní lè lọ mọ́. A gé e dáadáa, a tì í padà, kò hó mọ́.

Inú ọmọ náà dùn, ó ti ń kó sípánà. Mo ní kó dúró. Oṣù kọkànlá ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejìlá ni wọ́n gé páìpù yìí. Ohun tó dé lẹ́yìn kò lè jẹ́ òun ló bí èyí tó ṣáájú. A ti tún ọ̀kan ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí Alhaja pè wá fún.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ní kí dírẹ́bà gbé ọkọ̀ kúrò lójú gọ́tà wá sí iwájú onítíì kan, níbi tí ike omi ti fi hàn mí pé ilẹ̀ tẹ́jú. Mo wọn àlàfo láti ṣáásì dé axle ní ibi mẹ́rin, mo fi ẹfun sàmì sí i. Agogo méje alẹ́, ọwọ́ géèjì méjèèjì wà lórí 120. A paná. Mo jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé kan.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí. Ní agogo mẹ́jọ, ọwọ́ kan ti bọ́ sí 110, èkejì ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó wà. Ní mẹ́sàn-án àbọ̀, 95. Mo bọ́ sílẹ̀ lọ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀: kò fi ìlà kan ṣoṣo sọ̀. Ní mọ́kànlá, 78. Ẹ̀yìn ṣì dúró. Onítíì ń palẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, ó bu tíì tó kù fún mi pẹ̀lú búrẹ́dì, ó ní kí n má jẹ́ kí ọyẹ́ pa mí sórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ní méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ náà dé 66. Mo ń retí kó tún lọ sí i. Kò lọ. Ní méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, 66 náà ni. Mo tún bọ́ sílẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àmì ẹfun. Ṣáásì ti sọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ní aago méjì, ó ti tó ìka mẹ́rin. Kó tó di mẹ́rin, ó ti jókòó lórí rọ́bà ìdúró tó wà nínú báàgì. Ọwọ́ géèjì kejì, tí báàgì kì í mu níbẹ̀, wà lórí 114.

Mo jí dírẹ́bà láti fi ìwé náà hàn án. Kì í ṣe òru ló ń bẹ̀rẹ̀ ìjò náà. Ọkọ̀ ti ń jò láti ìṣẹ́jú tí a paná. Ṣùgbọ́n bí báàgì bá ṣe ń dín, lẹ́fẹ́lì fáàfù ń bù ú láti inú táǹkì kún un, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi dúró wámúwámú tí géèjì sì ń sọ̀. Nígbà tí táǹkì dé 66, fáàfù aṣọ́nà ti ilẹ̀kùn. Kò sí ibi tí báàgì á ti mu mọ́, ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ lójú èèyàn. Wákàtí márùn-ún ni táǹkì fi ń bo ìjò yìí mọ́lẹ̀ lóròòru, gbogbo ènìyàn sì ń sùn nígbà tí àṣírí bá tú. Ọwọ́ tó dúró lórí 66 yẹn sọ ohun kejì fún mi: ẹ̀yìn fáàfù aṣọ́nà ni ìjò wà, kì í ṣe ara bíréèkì. Ká ní ara bíréèkì ni, kò ní dúró níbẹ̀, odo ni ì bá lọ. Mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba dírẹ́bà pé ọkọ̀ lè yí lọ tí afẹ́fẹ́ bá tán pátápátá. Mo ṣàlàyé fún un pé sípíríǹgì líle ló ń di bíréèkì páàkì mú, afẹ́fẹ́ ló ń tú u sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, bíréèkì á dì mọ́ ọn ni.

Láàárọ̀ Sunday, a tún fẹ́ afẹ́fẹ́ kún, a tún ti igi. Mo tú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so apá lẹ́fẹ́lì fáàfù mọ́ axle, mo dá apá náà dúró sí àárín, mo fi ìṣó kékeré há a nínú ihò tí wọ́n dá sí ara rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Níbi tó wà yẹn, kò fún báàgì ní nǹkan kan, kò sì tú nǹkan kan dànù. Táǹkì dá wà, báàgì dá wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ olè nínú ilé, ó yẹ kó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú ogójì, géèjì kò mira, ṣùgbọ́n ṣáásì ti sọ̀ ní ìka kan gbáko. Mo kun ọṣẹ sí ẹnu tí fáàfù fi ń tú afẹ́fẹ́ síta: kò hó. Ó ku báàgì mẹ́rin àti páìpù wọn.

A tún kun ọṣẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iwájú báàgì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tó ti ká sí ìsàlẹ̀, ẹnu páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ìfófò kankan. Ó kù ojú kan tí a ò rí: ẹ̀yìn báàgì ọ̀tún tó gbẹ̀yìn, tó kọ ojú sí irin ìdábùú ṣáásì. Ọwọ́ gba ibẹ̀, orí kò gbà á. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ bá ọlọ́kadà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó yá dígí ọkọ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan na búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́ṣẹ sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ kejì gbé dígí, ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ìsàlẹ̀.

Ó kọ́kọ́ dà bí orí abẹ́rẹ́. Ó wú, ó tó hóró ọkà bàbà, ó bẹ́. Òmíràn yọ níbẹ̀ gan-an. Ní ìwọ̀n ìka méjì sí i, òmíràn. Nísàlẹ̀ wọn, ẹ̀kẹta, tó lọ́ra débi pé mo ní láti kà dé ogún kí ìfófò rẹ̀ tó bẹ́. Kò dún rárá. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo fi ìka wá ibẹ̀: èépá kéékèèké tó le, bíi pé wọ́n ta ìda gbígbóná sí rọ́bà. Mo fi èékánná ṣí ọ̀kan. Ọta irin kékeré kan tó ti dípẹtà bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò tó orí ìṣó.

Mo na ọwọ́ sí dírẹ́bà, mo fi hàn án. Ó wò ó, ó wo mọ́dígáàdì ọ̀tún, ó lu orí. "Kai!" Nínú oṣù kọkànlá, irin tó gbé mọ́dígáàdì yẹn dá. Wẹ́dà kan ní páàkì ló bá wọn jó o padà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò ka ìyẹn sí pé wọ́n ṣe nǹkan kan sí ọkọ̀, èmi náà ò sì dá a lẹ́bi. Ta ni yóò rò pé mọ́dígáàdì ló ń mú ọkọ̀ wólẹ̀? Iná wẹ́dì tó ń ta pàrà yẹn, irin yíyọ́ ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Àpò tútù tàbí páálí tútù kan tí wọ́n bá fi bo báàgì kí wọ́n tó tan iná, ìyẹn ìbá ti tó.

Fọkanáísà tó wà nítòsí ní kí n jẹ́ kí òun lẹ̀ ẹ́, pé ihò kékeré lásán ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ̀. Báàgì yìí ń ká, ó ń nà, nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, okùn sì wà láàárín rọ́bà rẹ̀ tí iná ti jó. Ibi tí a lẹ̀ lè gbé e dé Kaduna, ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti ṣí, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo pe Alhaja. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé báàgì ọ̀tún ni, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àwọn tí mo fi owó mi rà ńkọ́?"

"Wọn ò jò, Alhaja. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yọ kúrò náà kò dá mi lójú pé wọ́n jò. Ṣé wọ́n ti jù wọ́n nù?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn síìtì dírẹ́bà. Mi ò kí ń sọ nǹkan nù."

Adúrà ni mo gbà sí wọn lára. A gbé méjèèjì jáde sí oòrùn. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara wọn àti tara ti ọ̀tún bára mu. Mo tẹ rọ́bà wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ká, mo ń wá ibi tó sán tàbí tí okùn ti yọjú. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán wínníwínní, a yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé họ́ọ̀sì wá kó lè fẹ́ ẹ nílẹ̀ ká fi omi dán an wò; mo gba họ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Wọn kì í fẹ́ báàgì tí irin kò dì mú lókè àti nísàlẹ̀. Ó lè ṣí kúrò lára ìdí rẹ̀ kó sì fò lu èèyàn. Ara ọkọ̀ ni a ti ń dán an wò.

A tú gbogbo afẹ́fẹ́ báàgì dànù, ṣáásì jókòó sórí igi, a yọ ti ọ̀tún, a gbé èyí tí wọ́n ti ní kò dára sí i. A fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, dígí ọlọ́kadà tún lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ọṣẹ. Ó gbẹ, ó dákẹ́.

Ó ku nǹkan méjì tí mi ò lè fi sílẹ̀. Mo ṣí ìdí táǹkì: omi àti ọ́ìlì tó dà pọ̀ jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti kókó mímu. Dráyà ti kú tipẹ́. A pààrọ̀ kátíríìjì rẹ̀, torí ọ̀rá yẹn ló máa ń lọ dí lẹ́fẹ́lì fáàfù, òun ni ìbá sì jẹ́ àìsàn wọn tó kàn. Èkejì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so fáàfù mọ́ axle. Ẹnì kan ti fà á gùn kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ga sí i, bóyá ó rò pé ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yìn tó ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ ń tẹ ṣáfítì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn sí igun tí kò yẹ, á máa gbọ̀n, á sì jẹ kúróòsì, ìyẹn oríkèé rẹ̀, tán kíákíá. Mo dá a padà sí ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ fún un.

Alẹ́ Sunday, mo tún àmì ẹfun fà sí ìwọ̀n tuntun. Agogo méje, a tún paná lórí 120. Èmi ò jókòó ti géèjì lọ́tẹ̀ yìí, mo sùn sínú mọ́tò mi. Dírẹ́bà ló kan dígí mi ní mẹ́fà àárọ̀, ó ní kí n wá. Ọwọ́ kan wà lórí 113, èkejì lórí 114. Ó ti mú ìwé mi àti tépù lọ wọn ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀ kó tó jí mi, àmì ẹfun sì wà níbi tí mo fà á sí.

Ní Ọjọ́rú wọ́n di àgbàdo. Lọ́jọ́ kejì ni Alhaja pè mí, wọ́n ní ọkọ̀ ti sùn ní Jẹ́bà mọ́jú, pé dírẹ́bà ní kí wọ́n sọ fún mi pé kò fi ìlà kan sọ̀. Wọ́n ní àwọn ti fi báàgì méjì tó kù sínú àpò, àwọn sì ti ra tápólì kan fún dírẹ́bà, kí ó máa rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó fi bo ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí wẹ́dà bá fẹ́ tan iná nítòsí rẹ̀.